Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Wọ Tíréènì

Nígbà yẹn, àárẹ̀ ni mo fi ń jí, àárẹ̀ náà ni mo fi ń sùn. Aago mẹ́rin ìdájí ni màá dìde nílé wa ní Peckham, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Bermondsey, màá nu tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan, màá da ìdọ̀tí wọn nù, màá fọ ilé ìyàgbẹ́ wọn kí wọ́n tó dé. Aago mẹ́sàn-án, mo ti padà sílé. Aago mẹ́ta ọ̀sán, mo tún ti wà lọ́nà Forest Hill, lọ́dọ̀ bàbá arúgbó òyìnbó kan tí mò ń wẹ̀ fún, tí mo sì ń fún lóúnjẹ. Àárín iṣẹ́ méjèèjì ni mo fi ń ṣe ìyàwó ilé. Àwọn èèyàn a máa sọ pé òyìnbó kì í jẹ́ kéèyàn sinmi. Nínú ilé tèmi, òyìnbó nìkan kọ́.

Ìyá ọkọ mi ti lo ọdún kan ààbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mummy ni gbogbo wa ń pè wọ́n, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ, títí kan obìnrin ará Jàmáíkà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Mo mọ orúkọ wọn, àmọ́ n kò pè é rí. Ìyàwó kì í pe ìyá ọkọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ tán. Àwọn náà kì í pe tèmi. "Ìyàwó" ni. Ìyàwó, bá mi gbé omi wá. Ìyàwó, ta ló ń kan ilẹ̀kùn? Ìyàwó, ṣé òòrùn ìlú yìí ti wọ̀ ni, àbí kò tíì yọ? Wọ́n ń pè é débi pé nígbà míì tí mo bá wà lábẹ́ ilẹ̀ nínú tíréènì, níbi tí fóònù kì í ti í dún, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí.

N kò sọ pé Mummy burú. Wọn kò burú rárá. Èèyàn lè dára, kó sì sú ni.

Ohun kan wà láàárín wa tí n kò tíì rí òyìnbó tó yé. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí èmi àti Mummy lè wọ̀ láìbá ara wa jiyàn. Tí a bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tàbí ti bọ́ọ̀sì, màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá tẹ̀ díẹ̀, màá ní, "Mummy, ẹ ṣíwájú." Wọ́n á ní, "Ìyàwó, máa lọ níwájú, ìwọ lo mọ ọ̀nà." Màá ní, "Rárá o, Mummy, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú." Wọ́n á ní, "Ojú mi ò ríran dáadáa, máa lọ." Nígbà náà, òyìnbó mẹ́rin tàbí márùn-ún á ti tò sẹ́yìn wa, wọ́n á máa mí kanlẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé Mummy á ṣíwájú. Wọn kò borí mi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé wa nìyẹn: ọmọdé kì í ṣáájú àgbà wọlé, ìyàwó kì í sì í fọwọ́ lẹ́rán kí ìyá ọkọ máa gbé ẹrù. Báàgì Mummy, èjìká mi ló máa ń wà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọsibítù ojú là ń lọ. Ojú Mummy ti ń ṣe bàìbàì. Nǹkan funfun bí omi ògì ló bo ẹyinjú wọn, dókítà sì ní iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa mú un kúrò. A ti retí ìwé ìpè yẹn títí a fi gbàgbé pé a ń retí rẹ̀. Ọkọ mi ló yẹ kó mú wọn lọ. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló pè mí láti Surrey Quays, níbi tó ti ń ṣọ́ ilé ìtajà, pé ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun kò wá.

Mo wà ní kíṣìnnì, n kò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Inú bí mi. Mummy wà ní pálọ̀, nítorí náà mo fi òyìnbó sọ ọ̀rọ̀ mi. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, pé kí Mummy máa lọ sílé, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní Ìbàdàn nínú ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò sí ẹni tó ń sùn nínú yàrá mẹ́ta níbẹ̀.

Ó ní, "Babe, ṣe sùúrù. After the appointment, a máa jókòó, we'll talk."

Mo ní, "Ọjọ́ wo la fẹ́ talk? Ọjọ́ tí mo bá collapse sẹ́nu shift?" Mo pa fóònù.

Nígbà tí mo wọ pálọ̀, Mummy ti múra. Wọ́n ti wọ híjáàbù funfun wọn, wọ́n gbé kóòtù dúdú ọmọ wọn lé e, tẹ̀súbáà wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n kàn na báàgì sí mi, mo gbà á. Fóònù wọn wà nínú rẹ̀, àti ìwé ọsibítù, àti gíláàsì ojú, àti oògùn ìtọ̀ ṣúgà, àti dábínù méje tí mo dì sínú ọ̀rá, nítorí ara wọn kì í gbà á kí wọ́n pẹ́ láìfi nǹkan sẹ́nu.

Tíréènì abẹ́ ilẹ̀ kò dé Peckham. A wọ ti òkè lọ sí ìgboro, a wá wọ ti abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kí a lè sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó ńlá kan tí ọ̀nà méjì ti pàdé, kí a pààrọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, mo ń ṣe ọmọlúàbí sí Mummy, mo sì ń bínú. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A lè fi "ẹ jọ̀ọ́, mà" na èèyàn lẹ́gba. "Ẹ jókòó síbí, Mummy." "Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, Mummy." Ohùn mi tutù bí omi àmù, n kò sì wo ojú wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fa tẹ̀súbáà. Mo kíyè sí i pé ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni wọ́n ń fa ọ̀kan, mo sì rò pé ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń pa dé ló ń dẹ́rù bà wọ́n tí wọ́n fi ń ṣe àsìkírì.

Ibùdó tí à ń sọ yìí, ìlú kan ni lábẹ́ ìlú. O máa rìn nínú ihò gígùn tí wọ́n fi táìlì funfun tẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè, o máa yà sọ́tùn-ún, o máa gun àtẹ̀gùn, o máa tún sọ̀ kalẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná á máa fẹ́ ọ lójú láti ibi tí o kò mọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kọjá lára ara wọn, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnì kan. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú yìí, mo kí ẹni mẹ́ta níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kẹta yà fún mi bí ẹni yà fún wèrè. Mi ò kí ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ ni Mummy kórìíra jù níbẹ̀. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú tó fi dùn mí, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e. Àwọn tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì ń fi èjìká gbún wa. Ẹsẹ̀ mi ti wú nínú bàtà. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń rò ni pé tí a bá tètè dé, tí dókítà sì tètè dá wa lóhùn, ó lè ku ìdajì wákàtí tí mo lè fi sùn kí n tó gba Forest Hill lọ.

Nígbà tí a dé pèpéle tí a ó ti wọ tíréènì kejì, ó ti wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí.

"Mummy, ẹ ṣíwájú."

Mummy dúró. "Ìyàwó, lọ níwájú lónìí."

"Ẹ ṣíwájú, mà."

"Mo ní kí o máa lọ. Mi ò rí ibi tí mò ń tẹ̀."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ ṣíwájú."

Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn, n kò lè pè é ní ọ̀wọ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń lé adìyẹ wọ àgò, ìka mi sì kan ẹ̀yìn wọn. Mummy wò mí. Wọ́n wọlé. Mo gbé ẹsẹ̀ láti tẹ̀lé wọn, ilẹ̀kùn pàdé láàárín wa.

Ohun tó kàn yìí, n kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí dòní. Tíréènì ń lọ, mo rí híjáàbù funfun yẹn lẹ́yìn gíláàsì, mo rí àtẹ́lẹwọ́ Mummy lára gíláàsì náà, ohun tó sì kọ́kọ́ ṣe mí kì í ṣe ẹ̀rù. Ìsinmi ni. Ara mi fúyẹ́. Kò sí ẹni tó ń pè mí. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn mi, mo jókòó sí i. N kò sáré tẹ̀lé ọkọ̀, n kò pariwo, n kò juwọ́. Mo gbé báàgì Mummy lé itan, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo di ojú.

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo la ojú, ọ̀rá dábínù ni mo rí nínú báàgì tó ṣí sílẹ̀.

Mo sáré lọ bá ọkùnrin òṣìṣẹ́ ibùdó kan tó dúró sí ìpẹ̀kun pèpéle, aláwọ̀ dúdú bí èmi, irun rẹ̀ ti ń funfun, ojú rẹ̀ sì jọ ojú ẹni tó ti ń dáhùn ìbéèrè láti ìdájí. Mo ní tíréènì ti gbé ìyá mi lọ. Ó ní kí ni orúkọ wọn. Mo ní, "Mummy." Ó ní orúkọ wọn ni òun ń bèèrè. Mo ya ẹnu. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n mi, kò jáde. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí n bọ́ṣọ lójú ọjà. Ọkùnrin náà ti ń wò mí bí ẹni tó jí arúgbó gbé. Mo fa ìwé ọsibítù yọ, mo fi ìka tọ́ka sí i, ó sì kà á sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀.

Ó bi mí bóyá wọ́n gbọ́ òyìnbó. Mo ní díẹ̀. Ṣé fóònù wà lọ́wọ́ wọn? Mo gbé fóònù náà sókè. Oògùn ńkọ́? Mo gbé báàgì sókè. Ṣé wọ́n ń ríran? Mo ní ojú gan-an là ń gbé lọ sí ọsibítù, gíláàsì wọn sì nìyí. Ó wá bi mí, ní pẹ̀lẹ́, pé kí ló wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà.

Mo rò ó. Mo ti fi ọ̀wọ̀ gba gbogbo nǹkan tán lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣàdúrà nìkan ló kù, mo ní.

Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ibùdó àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkọ̀ bá gbé lọ báyìí máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Àwọn tó wà níbùdó àkọ́kọ́ wò, wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Àwọn ti ìkejì wò, wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n má kúrò níbi tí mo wà o, kí a má baà máa wá ẹni méjì.

Mo dúró. Tíréènì kan á dé, á da èèyàn sílẹ̀, á kó òmíràn, á lọ. Òmíràn á dé. Gbogbo aṣọ funfun ni mo ń sáré bá. Àkókò tí dókítà dá fún wa kọjá. Mo ro bí mo ṣe máa gòkè lọ pe ọkọ mi, n kò lè kúrò, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ wí fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ní kí Mummy máa lọ. Mummy sì lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi ní kíṣìnnì, kó jọ̀ọ́, kó má ṣe kà á sí àdúrà.

Mo rántí nǹkan tí n kò tíì rò rí. Aago mẹ́rin tí mo ń jí lọ síbi iṣẹ́, Mummy máa ń wà ní pálọ̀ nínú òkùnkùn. Mo máa ń rò pé ìrun òru ni wọ́n ń kí, tàbí pé àgbà kì í rí oorun sùn. Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ó dàbọ̀ o." Lọ́jọ́ míì, n kì í dáhùn, mo ń wá kọ́kọ́rọ́. Mo wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, mò ń ka iye ọjọ́ tí n kò dáhùn, n kò lè kà á tán. Mo sunkún. Àwọn èèyàn ń kọjá. Níbẹ̀, èèyàn lè sunkún fún ìdajì wákàtí kí ẹnikẹ́ni má bi í ní nǹkan kan, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn lọ́jọ́ náà.

Ó ti lé ní wákàtí kan dáadáa nígbà tí mo gbọ́ "Ìyàwó."

N kò yíjú. Mo ti sọ pé mo máa ń gbọ́ ọ létí lábẹ́ ilẹ̀.

"Ìyàwó! Ṣé o ti di odi ni?"

Mo yíjú. Mummy dúró ní ẹnu ọ̀nà kékeré tó gba inú ògiri wá láti pèpéle òdìkejì, níbi tí àwọn tíréènì tó ń bọ̀ wá sí ìgboro ti ń dúró. Ọwọ́ òsì wọn wà lára táìlì, wọ́n ń fi tọ́ ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún di tẹ̀súbáà mú, àtàǹpàkò wọn sì tẹ ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́lẹ̀ gbọn-in.

Mo sáré, mo kúnlẹ̀ lórí pèpéle yẹn pẹ̀lú kóòtù àti báàgì. Àwọn èèyàn ń yà fún wa. "Mummy, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú."

"Dìde, ilẹ̀ ibí yìí ò mọ́. Bá mi mú dábínù."

Mo mú wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n jẹ mẹ́rin, wọ́n kó kóró rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ọkùnrin òṣìṣẹ́ náà wá, ó wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ fún rédíò rẹ̀ pé a ti rí wọn. Kì í ṣe àwa la rí wọn.

Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ ibi tó yẹ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí.

"Ṣé mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ni? Láti ìgbà tí a ti wọ abẹ́ ilẹ̀ yìí ni mo ti ń fa tẹ̀súbáà. Ọkọ̀ dúró, mo fa kan. Ibi tí o ti tì mí wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìkọkànlá, gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan ń juwọ́ sí mi pé kí n bọ́ sílẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọkọ̀ tó lọ, ṣebí ó máa bọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó padà. Mo ka mọ́kànlá."

"Mummy, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ níbi àkọ́kọ́? Wọ́n ń wá yín níbẹ̀."

Mummy nu ẹnu. "Mo rí ọ," wọ́n ní. "Ojú mi ò ríran tó, àmọ́ mo rí i pé o jókòó."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹnu ọ̀rá dábínù.

"Mo ní, ó ti rẹ ọmọ yìí. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ ní tòsí, á tún dìde, á sáré wá. Mo ní kí n jẹ́ kó jókòó díẹ̀." Wọ́n yí ojú wọn tó ń ṣe bàìbàì sí mi. "Ṣé o sinmi?"

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló bà wọ́n tí wọn kò lè dìde lórí àga. Àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ fún ẹ̀rù kó lè jọ ọgbọ́n. Ó sì lè jẹ́ pé ẹgba ni, nítorí wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí èmi náà ṣe ń sọ "ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mi ò sinmi, mà," mo ní.

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ fún un ní kíṣìnnì. Táyàdì. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú òyìnbó tí ẹ ń sọ nílé yẹn." Wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórúnkún. "Ó ti rẹ èmi náà, Ìyàwó."

A jókòó. Tíréènì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ lójú wa. Ọ̀rọ̀ ọsibítù ti kọjá lọ́jọ́ yẹn, màá tún pè wọ́n, wọ́n á tún ní kí a máa retí ìwé. Forest Hill náà á gbọ́ pé mo máa pẹ́.

Nígbà tí a dìde láti lọ sílé, a gba ihò funfun yẹn padà, a dé pèpéle òdìkejì èyí tí a ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Tíréènì dé, ilẹ̀kùn ṣí. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tẹ̀ díẹ̀, ẹnu mi ti ń sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Mummy, ẹ ṣí..."

Mummy yọ báàgì wọn kúrò léjìká mi, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn ara wọn.

"Lọ níwájú," wọ́n ní.

Mo lọ níwájú. Wọ́n di etí kóòtù mi mú látẹ̀yìn, wọ́n tẹ̀lé mi wọlé, wọn kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi dé Peckham.